Ohùn àti Ìṣirò: Bí Àwọn Ará Ìlú Ṣe Bá Ìjọba Nàìjíríà Wí Lórí Ìnáwó àti Gbèsè, 1977 sí 2006

Àṣamọ̀

Láti ọdún 1978 tí ìjọba ológun Nàìjíríà ti yá bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àwọn báńkì òkè òkun ni ọ̀rọ̀ gbèsè ìjọba ti di ọ̀rọ̀ ilé àti ti ọ̀nà. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí àwọn ará ìlú ṣe bá ìjọba wí lórí ìnáwó àti gbèsè láàárín ọdún 1977 sí 2006. Lẹ́yìn àlàyé lórí bí ẹ̀yáwó náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́rin ni ó gbé yẹ̀ wò: lẹ́tà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ sí Ààrẹ Shehu Shagari ní 1981, àríyànjiyàn lórí owó IMF àti ìwọ́de tí ó tako ètò SAP láàárín 1985 sí 1989, àbọ̀ ìgbìmọ̀ Pius Okigbo ní 1994, àti ìdáríjì gbèsè ọdún 2005. Ohun tí iṣẹ́ yìí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ohùn tí kò ní ìṣirò lọ́wọ́ máa ń parí sí ariwo, ìṣirò tí kò sì rí ohùn gbé e jáde máa ń sùn sínú àpótí. Ìgbà tí méjèèjì bá pàdé ni ìjọba máa ń rí i pé dandan ni kí òun dáhùn.

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹgbẹ̀rún ìbànújẹ́ kò lè san gbèsè. Òwe yìí kò ní kí onígbèsè má banú jẹ́. Ohun tí ó ń tọ́ka sí ni pé ìbànújẹ́ nìkan kò tó. Ó yẹ kí onígbèsè mọ iye tí ó jẹ, ẹni tí ó jẹ ẹ́, àti ohun tí ó fi owó náà ṣe. Nínú ìdílé, àwọn ìbéèrè mẹ́ta yìí kò ṣòro í dáhùn, nítorí pé ẹni tí ó yáwó ni yóò san án, ojú rẹ̀ ni yóò sì fi wo ẹni tí ó yá a. Ní ti ìjọba, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó lè ti kúrò lórí àlééfà kí owó náà tó di ná-ín-ná. Ẹni tí yóò san án sì lè má tíì dáyé nígbà tí wọ́n ń yá a. Nítorí náà, bí àwọn tí ó wà láyé kò bá béèrè ọ̀rọ̀ nígbà tí ó yẹ, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí gbèsè Nàìjíríà. Iye owó, èlé àti àdéhùn ni ó sì sábà máa ń jẹ wọ́n lógún. Ọ̀nà mìíràn ni àpilẹ̀kọ yìí gbà yọ. Àwọn tí ó sọ̀rọ̀ ni ó dojú kọ: kí ni wọ́n sọ, kí ni wọ́n fi ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn, kí sì ni ìjọba fi dá wọn lóhùn? Ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí ṣe pàtàkì fún olùkọ́, nítorí pé olùkọ́ wà lára àwọn tí ọwọ́ gbèsè ìjọba kọ́kọ́ máa ń bà.

2. Èrò Yorùbá lórí gbèsè àti ìbáwí aláṣẹ

Kí àwọn Òyìnbó tó dé, Yorùbá ti ní ìmọ̀ tó jinlẹ̀ nípa gbèsè. Nínú ètò ìwọ̀fà, ẹni tí ó fẹ́ yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé. Kò dín kọ́bọ̀ kù nínú owó tí wọ́n yá. Ìwọ̀fà lè sin olówó fún ogún ọdún, kí gbèsè náà sì wà ní iye tí ó wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá sì san owó lásìkò, olówó lè rán ológò lọ dógò tì í. Ológò yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, yóò máa sọ̀kò ọ̀rọ̀, yóò sì máa mú adìẹ tí ó bá ń kọjá lọ, títí tí ojú yóò fi ti gbogbo agbo ilé tí wọn yóò fi dá owó náà jọ. Ohun tí àṣà méjèèjì fi hàn ni pé gbèsè ẹnì kan lè di ẹrù ẹlòmíràn: ọmọ ni ó ń lọ sìn, agbo ilé ni ó ń dáwó.

Bákan náà, bíbá aláṣẹ wí kì í ṣe àṣà àtọ̀húnrìnwá. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ní agbára láti kéde fún Aláàfin tí ó bá tẹ ẹ̀tọ́ mọ́lẹ̀ pé ìlú ti kọ̀ ọ́. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ní ilẹ̀ Kétu àti ní Yewa, ẹlẹ́fẹ̀ ní àǹfààní láti fi orin tú àṣírí oníwà ìbàjẹ́, ìbáà ṣe olóyè, láìsí pé ẹnikẹ́ni yóò mú un fún un.

Ní ayé ìjọba amúnisìn, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá fi irú ìbáwí bẹ́ẹ̀ hàn. Láàárín 1947 sí 1948, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta darí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin láti tako owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn nígbà tí obìnrin kankan kò sí nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná owó náà. Ní oṣù Keje ọdún 1948, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1949, ó fi ipò náà sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ padà sórí oyè lẹ́yìn náà. Ohun tí àwọn obìnrin yìí sọ kò lọ́jú pọ̀: ẹni tí ó ń dáwó gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ná an. Gbólóhùn yìí ni gbogbo ìbáwí tí ó tẹ̀ lé e rọ̀ mọ́.

3. Ìgbà ọ̀pọ̀ owó àti ẹ̀yáwó àkọ́kọ́

Láti ìparí ọdún 1973, iye owó epo rọ̀bì di ìlọ́po mẹ́rin láàárín oṣù díẹ̀. Bí owó ṣe ń wọlé ni ìnáwó ń gorí ìnáwó. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn àbọ̀ ìgbìmọ̀ Udoji. Wọ́n sì pàṣẹ nǹkan bí ogún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì láti òkè òkun, èyí tí èbúté Èkó kò ní agbára àtigbà. Ní ọdún 1975, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ni ó tò sórí òkun tí wọn kò ríbi gúnlẹ̀, tí Nàìjíríà sì ń san owó ìdádúró fún wọn lójoojúmọ́. Púpọ̀ nínú sìmẹ́ǹtì náà bàjẹ́ sínú ọkọ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977 ni ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbàlejò FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú lágbàáyé. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àjọ̀dún náà kò ní iyì tirẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn bu ẹnu àtẹ́ lu owó tí wọ́n ná lé e lórí. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, tí ó kọ́kọ́ wà lára àwọn tí ń ṣètò rẹ̀, yọ ara rẹ̀ kúrò.

Kò pẹ́ tí àjọ̀dún náà parí tí owó epo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ní ọdún 1978, ìjọba yá bílíọ̀nù kan dọ́là ní ọjà owó òkè òkun. Ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, ó kéde pé owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì yóò lọ sókè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yarí. Ṣẹ́gun Òkéowó ni ààrẹ ẹgbẹ́ wọn. Ìwọ́de náà sì gba orúkọ mọ́ Kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́, Ọ̀gágun Ahmadu Ali, tí wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ kúrò. Àwọn agbófinró yìnbọn, akẹ́kọ̀ọ́ kú, ìjọba sì fòfin de ẹgbẹ́ wọn. Ìbéèrè kan ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà tí ẹnikẹ́ni nínú ìjọba kò dáhùn: ìlú tí ó rí owó gbàlejò gbogbo ayé lánàá, báwo ni kò ṣe rí owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ lónìí?

4. Lẹ́tà Awólọ́wọ̀, 1981

Ìjọba alágbádá dé ní oṣù Kẹwàá ọdún 1979. Iye owó epo tún ga sókè fún ìgbà díẹ̀, ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ sì ń ná owó bí ẹni pé kò ní í tán. Kíkọ́ Àbújá ń lọ lọ́wọ́, ìrẹsì ń wọlé láti òkè òkun, àwọn gómìnà náà sì ń yáwó lókè òkun. Nígbà tí ó di 1981, ọjà epo dẹnu kọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìnáwó kò dẹsẹ̀ dúró.

Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN, kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ owó ìjọba. Òun ni Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ láti 1967 títí di 1971, nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí ja ogun abẹ́lé láìgbára lé ẹ̀yáwó òkè òkun. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọdún 1981, ó kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Shagari, gbogbo ìlú sì rí i kà nínú ìwé ìròyìn. Ó fi orílẹ̀-èdè yìí wé ọkọ̀ ojú omi tí ó ń lọ kọlu àpáta ńlá, ó sì kìlọ̀ pé bí atukọ̀ kò bá tètè yí ọkọ̀ padà, yóò fọ́. Ohun tí ó gbé ìkìlọ̀ náà kà kò ju mẹ́ta lọ: owó tí ń wọlé ń dín kù, owó tí à ń kó ra ọjà òkè òkun kò dín kù, owó ìpamọ́ tí orílẹ̀-èdè ní lókè òkun sì ń gbẹ.

Ìjọba sẹ́. Wọ́n ní ọrọ̀ ajé Nàìjíríà dúró ṣinṣin, àti pé alátakò tí ó pàdánù ìbò ni ó ń dẹ́rù ba ará ìlú. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí Ààrẹ Shagari fúnra rẹ̀ fi lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní oṣù Kẹrin ọdún 1982 láti gba òfin ìmúdúró ọrọ̀ ajé, èyí tí ó dín ọjà òkè òkun kù tí ó sì mú kí ìgbà ṣúnwọ́ná bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di 1983, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni kò lè san owó oṣù olùkọ́; ilé ẹ̀kọ́ wà ní títì fún ìyanṣẹ́lódì. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn ológun gbàjọba. Nínú ìkéde wọn, Brigadier Sani Abacha sọ pé Nàìjíríà ti di orílẹ̀-èdè onígbèsè àti alágbe. Ohun tí Awólọ́wọ̀ sọ ní 1981 ni ó ti ẹnu ológun jáde ní 1983, ṣùgbọ́n ìbọn ni ó gbé e wá.

Ẹ̀kọ́ tí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kọ́ni ni pé ohùn àti ìṣirò wà níbẹ̀, àmọ́ ẹnu alátakò ni wọ́n ti jáde. Ìjọba rí ọ̀nà láti wo ojú ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ dípò kí ó wo ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ. Ìjọba ológun tí ó gbà á tún fi kún un: òfin ológun kẹrin ti ọdún 1984 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti gbé ìròyìn tí ó lè sọ òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹni yẹ̀yẹ́ jáde. Akọ̀ròyìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, lọ sẹ́wọ̀n lábẹ́ òfin yìí.

5. Àríyànjiyàn IMF àti ìwọ́de SAP, 1985 sí 1989

Nígbà tí Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbàjọba ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1985, ọ̀ràn tí ó bá nílẹ̀ ni bóyá kí Nàìjíríà gba nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là lọ́wọ́ Àjọ Owó Àgbáyé, IMF. Ó ṣe ohun tí ìjọba ológun kankan kò ṣe rí: ó ní kí gbogbo ìlú bá òun dá sí i. Akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́, ìyálọ́jà, ọ̀jọ̀gbọ́n àti oníwàásù ló sọ̀rọ̀, púpọ̀ wọn sì ní àwọn kò fẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1985, ìjọba kéde pé òun kò ní gba owó náà.

Inú ìlú dùn, ṣùgbọ́n ìdùnnú náà kò tọ́jọ́. Ní ọdún 1986, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP. Dídín iye náírà kù, yíyọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, títa ilé iṣẹ́ ìjọba: ohun tí àjọ náà fẹ́ kí Nàìjíríà ṣe kí ó tó fún un lówó ni Nàìjíríà ń ṣe láìgba owó ọ̀hún. Náírà kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà di ohun tí ó lé ní náírà mẹ́rin sí dọ́là kan ní oṣù Kẹsàn-án. Ìwé kíkà, tákàdá àti yíǹkì wọ́n gógó. Àwọn atẹ̀wétà tí ń tẹ ìwé Yorùbá wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rí ìjàǹbá náà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ yunifásítì sì kó ẹrù wọn lọ sí òkè òkun.

Ẹnu tí ìjọba là fún àríyànjiyàn ní 1985 ni ó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa dé. Ní 1988, ó tú àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC ká, ó sì fòfin de ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ASUU. Ìgbà tí kò sí ẹni tí yóò bá ìjọba jókòó sọ̀rọ̀ mọ́, òpópónà gba ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1989, ìwọ́de bẹ̀rẹ̀ láti Yunifásítì Benin, ó tàn dé Ìbàdàn àti Èkó. Ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n sì ti àwọn yunifásítì kan pa fún oṣù púpọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, Gani Fáwẹ̀hìnmí gbèrò láti pe ìpàdé kan ní Èkó níbi tí àwọn onímọ̀ yóò ti sọ ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà láìsí SAP. Ìjọba mú un, ó sì di ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ní Gashua.

Ìjọba jù búrẹ́dì díẹ̀ sí ìlú lẹ́yìn ìwọ́de náà: ọkọ̀ akérò, iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, àti Báńkì Àwọn Ènìyàn, tí Táí Ṣólàárín jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kò yí ètò náà padà, kò sì ṣí ìwé owó fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ó tú sí títì ní ohùn tí ó ròkè, wọn kò sì rí ìṣirò dì mú. Dípò rẹ̀, àhesọ nípa ọrọ̀ àwọn aláṣẹ ni ó ń fò kiri; ó sì rọrùn fún ìjọba láti sẹ́ àhesọ. Ìpàdé tí Fáwẹ̀hìnmí fẹ́ pè ì bá fi ìṣirò kún ohùn náà. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rù ìpàdé kan ṣoṣo nínú gbọ̀ngàn ju bí wọ́n ṣe bẹ̀rù ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lójú títì lọ.

6. Àbọ̀ ìgbìmọ̀ Okigbo, 1994

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990, Iraq wọ Kuwait, ogun sì sọ epo rọ̀bì di ọ̀wọ́n. Owó tí a kò retí wọlé fún Nàìjíríà. Nígbà tí ó di 1994, ìjọba Abacha ní kí Ọ̀mọ̀wé Pius Okigbo, gbajúgbajà onímọ̀ ọrọ̀ ajé, darí ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ Báńkì Àpapọ̀ wò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n jábọ̀. Wọ́n rí i pé láàárín 1988 sí oṣù Kẹfà ọdún 1994, bílíọ̀nù 12.4 dọ́là ni ó gba inú àwọn àkáǹtì àkànṣe kan kọjá, tí ó sì jẹ́ pé mílíọ̀nù 200 péré ni ó kù níbẹ̀. Wọ́n ní púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ná owó náà lé lórí kò ṣe pàtàkì, kò sì lè mú ìlú gòkè. Okigbo fúnra rẹ̀ pè é ní dída ìgbẹ́kẹ̀lé ará ìlú.

Ìṣirò rèé, ó sì pé pérépéré. Ṣùgbọ́n ọdún 1994 ni ọdún tí ìjọba ológun ti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn pa, tí ó ti àwọn olórí òṣìṣẹ́ epo mọ́lé, tí MKO Abíọ́lá sì wà ní àhámọ́. Kò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí yóò jíròrò àbọ̀ náà. Ìjọba kò tẹ̀ ẹ́ jáde fún ará ìlú, kò sì sí ẹni tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀. Ní ọdún 1981, ìjọba sẹ́ ìṣirò. Ní 1994, ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì tì í mọ́ inú àpótí.

7. Ìdáríjì gbèsè, 2005

Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1999, gbèsè náà ti di òkè. Ní ọdún 2000, Ààrẹ Ọbásanjọ́ sọ pé gbogbo ohun tí Nàìjíríà yá títí di 1985 tàbí 1986 kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lọ, pé ó ti san nǹkan bíi bílíọ̀nù 16, síbẹ̀ wọ́n ní ó ṣì jẹ bílíọ̀nù 28. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà nìyẹn: iṣẹ́ ń lọ, èlé ń gun èlé, owó tí wọ́n yá sì wà ní ìjókòó. Ó yẹ kí a rántí pé ìjọba tí Ọbásanjọ́ kan náà darí ni ó yá bílíọ̀nù àkọ́kọ́ ní 1978.

Ohun mẹ́ta ni ó yàtọ̀ ní àsìkò yìí. Èkíní, ìjọba dá ọ́fíìsì tí ń bójú tó gbèsè, DMO, sílẹ̀ ní ọdún 2000. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń tọ́jú ìwé gbèsè. Ó wá ṣeé ṣe láti mọ iye tí a jẹ àti ẹni tí a jẹ ẹ́. Èkejì, ohùn wà káàkiri. Ìpolongo Jubilee 2000, tí àwọn ìjọ Ọlọ́run àti àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú gbé lẹ́sẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ti mú kí ayé gbọ́ pé gbèsè ń pa àwọn òtòṣì. Ní Àbújá, ní oṣù Kẹta ọdún 2005, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin pe ìjọba láti dáwọ́ sísan gbèsè náà dúró. Ẹ̀kẹta, owó epo tún ti gòkè, nítorí náà Nàìjíríà ní ohun tí ó lè fi dúnàá-dúrà. Ngozi Okonjo-Iweala, Mínísítà ètò ìṣúná, ni ó ṣáájú nínú ìdúnàá-dúrà ọ̀hún.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ayánilówó tí à ń pè ní Paris Club fọwọ́ sí àdéhùn pé wọn yóò dárí bílíọ̀nù 18 dọ́là jì nínú nǹkan bíi bílíọ̀nù 30 tí Nàìjíríà jẹ wọ́n. Nàìjíríà náà san bílíọ̀nù 12.4. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2006, ọ̀rọ̀ parí.

Ìbáwí kò dópin níbẹ̀, kò sì yẹ kí ó dópin. Àwọn kan béèrè pé kí ló dé tí orílẹ̀-èdè tí ilé ìwòsàn rẹ̀ kò ní oògùn yóò kó irú owó bẹ́ẹ̀ fún àwọn olówó ní ìgbà kan. Ìjọba dáhùn pé owó tí kò ní lọ sí ọ̀dọ̀ wọn mọ́ lọ́dọọdún yóò lọ sí ẹ̀kọ́ àti ìlera, ó sì ṣètò bí àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú yóò ṣe máa tọpasẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí àbọ̀ Okigbo yóò ṣàkíyèsí ohun kan: bílíọ̀nù 12.4 ni ó gba àkáǹtì àkànṣe kọjá títí di 1994, bílíọ̀nù 12.4 ni Nàìjíríà san láti fi bọ́ nínú gbèsè. Owó méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, bí iye wọn ṣe bára mu kò sì ju àkọsẹ̀bá lọ. Síbẹ̀, ó jẹ́ òṣùwọ̀n tí kò ṣeé gbàgbé fún ohun tí ìnáwó láìsí ìṣirò ń mú kúrò lọ́wọ́ ìlú.

8. Àgbéyẹ̀wò

Bí a bá to ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀nà tí ìjọba ń gbà dáhùn hàn kedere. Ó sẹ́ ní 1981. Ó gbọ́, kò sì gbà, ní 1985. Ó dẹ́rù bani, ó sì tì wọ́n mọ́lé ní 1989. Ó fi pamọ́ ní 1994. Ọdún 2005 nìkan ni ó dáhùn pẹ̀lú nǹkan tí a lè fojú rí. A kò lè sọ pé ohùn ará ìlú nìkan ni ó fa èyí, nítorí pé ọjà epo àti ìfẹ́ inú àwọn olówó kó ipa tiwọn. Ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà ni pé ìgbà náà nìkan ni ìṣirò wà nílẹ̀, tí ilé aṣòfin wà láti gbé e yẹ̀ wò, tí ìwé ìròyìn ń tẹ̀ ẹ́ jáde, tí kò sì sí ẹni tí ó lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé ó béèrè.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Gbogbo ìgbà tí ìjọba kọ etí dídi sí ìbéèrè, ìyà rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó dé ilé ẹ̀kọ́: ní 1978, oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́, ní 1983, owó oṣù olùkọ́, lẹ́yìn 1986, ìwé kíkà.

9. Ìwúlò fún olùkọ́

Ọ̀nà mẹ́ta ni olùkọ́ lè gbà lo ìtàn yìí ní kíláàsì. Nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò, ó lè fi gbèsè ìwọ̀fà àti ti ìjọba kọ́ èlé lásán àti èlé lórí èlé. Nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, òwe àti àṣà tí ó jẹ mọ́ gbèsè, ògò àti ìwọ̀fà pọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kó jọ lẹ́nu àwọn àgbà. Nínú ẹ̀kọ́ ìlú àti ìtàn, ó lè kọ́ wọn bí ará ìlú ṣe ń béèrè lábẹ́ òfin. Òfin ọdún 2007 lórí ìlò owó ìjọba fún ẹnikẹ́ni ní àǹfààní láti lọ sílé ẹjọ́ kí ìjọba lè pa á mọ́. Òfin ọdún 2011 lórí òmìnira ìròyìn sì fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n sì dá a lóhùn láàárín ọjọ́ méje. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó bá ti kọ lẹ́tà béèrè iye tí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ná lórí ilé ẹ̀kọ́ kan ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tú sí títì ní 1989 kò ní àǹfààní láti mọ̀.

10. Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti ṣàfihàn pé bíbá ìjọba wí lórí ìnáwó àti gbèsè ní gbòǹgbò nínú àṣà Yorùbá, ó sì ti la ọ̀nà tí ó gún kọjá láti 1977 sí 2006. Ìdáríjì gbèsè kò pa ìbéèrè náà rẹ́. Gbèsè tí ó ti lọ silẹ̀ ní 2006 tún padà gòkè: ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2023, àkọsílẹ̀ DMO fi hàn pé gbèsè ìjọba àpapọ̀ àti ti àwọn ìpínlẹ̀ jẹ́ tíríọ̀nù 87.38 náírà. Lára rẹ̀ ni nǹkan bíi tíríọ̀nù 22.7 tí Báńkì Àpapọ̀ ti kó fún ìjọba ná tán, kí àwọn aṣòfin tó fọwọ́ sí i pé kí ó di gbèsè gidi ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìgbà náà àti 1994 ni pé ìṣirò ti wà ní gbangba, ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á. Ohun tí ó kù ni ohùn tí yóò gbé e. Ilé ẹ̀kọ́ ni irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́nu ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ kọ́ láti béèrè pé: èló ni, lọ́wọ́ ta ni, kí la sì fi ṣe?